Ilé Èémí tí Mo Dán Wò fún Ṣówándé

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bí kì í bá ṣe ti òjò ọ̀sán yìí, kí ni ì bá mú Tíṣà, ọ̀mọ̀wé tó ń fi gègé pupa fa ìlà sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, wá jókòó ti èmi Ọdẹ́rìndé lábẹ́ àtíbàbà tí ẹ ti ń bó ẹ̀gúsí? Ẹ sún mọ́ra. Ìyá Dékúnbi, máa bó ẹ̀gúsí rẹ lọ, etí la fi ń gbọ́ ìtàn, a kì í fi ọwọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó bọ́ sẹ́yìn, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá hanrun lé mi lórí, màá dákẹ́, màá sì bínú. Ẹsẹ̀ mi ò yá mọ́, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ìbínú mi ò tíì darúgbó.

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé òun gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ti ara wọn mọ́ inú ilé kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tí ènìyàn yóò wọ̀ lọ sójú ọ̀run yóò tó mí. Gbogbo yín lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó rí ìyá rẹ̀. Mo wò yín, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ ń pè ní tuntun, èmi ti ṣe é nígbà tí baba Tíṣà ṣì ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mo bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tó jẹ́ pé ẹkùn ló yà fún mi! Tíṣà, má rẹ́rìn-ín. Bi ẹkùn léèrè bó o bá rí i.

Èmi àti Ṣówándé la jọ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣówándé, arúgbó tó máa ń jókòó síwájú ilé tó ń lé ewúrẹ́ lẹ mọ̀. Èmi mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kúrú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé bó bá sá sẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ, ẹ ò ní rí i. Èmi ní tèmi ga, mo tóbi, àyà mi fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwo kan la fi ń jẹun. Ìbọn rẹ̀ ni mo fi pa ẹfọ̀n tí mo kọ́kọ́ pa. Agbádá mi ló wọ̀ lọ́jọ́ tó gbé Àwẹ̀ró níyàwó, ó ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀, àwọn àna rẹ̀ rò pé ọlọ́rọ̀ ni. Ayé ìgbà yẹn dùn o. Ibi tí ẹ ti ń rí ilé páànù lọ títí yẹn, igbó ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá wọ̀ ọ́ ní ìdájí, ìrì á rẹ wá dé orúnkún, òórùn ewé tútù á sì gba gbogbo imú wa. Mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn yẹn nígbà mìíràn bí mo bá jókòó láìṣe nǹkan kan, omi á sì bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan fún yín tí àwa ọdẹ Ìdí-Ọ̀mọ̀ ní nígbà náà, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bí ọdẹ ìlú wa bá ti wọ igbó, kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ẹ̀gún lè gún un, àkekèé lè ta á; bí ẹnìkejì rẹ̀ bá bi í pé ‘Ara ńkọ́?’, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: ‘Ara le bí òkúta.’ Ìgbà tó bá délé, tó bu omi sẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà náà ló tó lè ké. Àwọn àgbà ní igbó létí, ohun tó bá sì gbọ́ ibi tó ń dùn ọ́, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti bù ọ́ jẹ. Mo mọ ọdẹ kan tí ejò ṣán ní àárọ̀, tó ń sọ pé ara òun le títí tó fi dákẹ́ ní ọ̀sán.

Ó wá di ọdún kan, òjò kọ̀. Ó kọ̀ lọ́dún kejì, ó kọ̀ lọ́dún kẹta. Odò Àwẹ́lé tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ìlú wa gbẹ tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọdé ń ta òkòtó nínú rẹ̀. Olórí ọdẹ wa pe èmi àti Ṣówándé, ó ní, ‘Àwọn iwin ló ń gbé orísun odò yẹn. Ẹ lọ bá wọn. Bí wọ́n bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ká ṣe.’ A dìde, a gbé ìbọn, a lọ.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. A rìn, ó pẹ́, bàtà wa já. Níbi tí igbó ti parí, tí igbó mìíràn tí kò lórúkọ bẹ̀rẹ̀, ni a ti bá Onímú-Mẹ́ta. Imú mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀dá náà: ó ń fi ọ̀kan gbóòórùn irọ́, ó ń fi ọ̀kan gbóòórùn òjò, ìkẹta, áṣáà nìkan ló ń fi fà. Ó nà gbalaja sójú ọ̀nà, ó ní, ‘Ọba ń fi ọwọ́ òfo gbà á, ìwọ̀fà ń fi ọwọ́ òfo gbà á. Ọlọ́rọ̀ ò rí i kó jọ de ọ̀la. Ẹni tí kò bá dá èyí tó gbà padà, kò ní rí òmíràn gbà. Kí ni?’

Mi ò tilẹ̀ rò ó. Mo ní, ‘Oorun ni, yà fún wa!’

Onímú-Mẹ́ta sín. Imú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi sín lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn rẹ̀ gbé mi, ó di inú igbó ẹ̀gún. Ṣówándé sáré wá, ó ní, ‘Ọdẹ́rìndé, ara ńkọ́?’ Ẹ̀gún mọ́kànlá wà ní ìdí mi. Mo ní, ‘Ara le bí òkúta.’

Ṣówándé ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀dá náà. Ó fi ọwọ́ di imú ara rẹ̀ níbi tó ti ń ronú, ìwà rẹ̀ ni láti kékeré. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó fi imú sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. ‘Èémí ni,’ ó wí. ‘Bí o kò bá mí jáde, o ò ní lè mí sínú.’

‘Ẹ kọjá,’ Onímú-Mẹ́ta dáhùn. ‘Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ń lọ, wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti kó o jọ de ọ̀la.’

Bí a ṣe dé ìlú àwọn iwin nìyẹn. Ìlú Ẹ-Dán-An-Wò ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá wọn mu. Wọn kì í lo ohunkóhun láìdán an wò. Wọ́n fún mi ní àpótí pé kí n jókòó. Kí n tó jókòó, iwin mẹ́ta ti jókòó lé e, wọ́n ti ju òkúta lù ú, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀ wò ó nídìí. Ọbẹ̀ ti tutù kó tó kàn wá, ṣíbí méje ló ti kọ́kọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ̀kọ pàápàá, wọ́n á jù ú mọ́ ògiri kí wọ́n tó gbé e fún ọ. Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Olórí àwọn oníṣẹ́ wọn ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Yèyé Adánwò. Ó ga, ó gbẹ, okùn kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń ta kókó sí fún gbogbo ohun tó bá ti dán wò tó sì dára. A sọ ohun tó gbé wa wá.

‘Òjò ò kọ̀,’ ó wí. ‘Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Onílẹ̀kùn ti sùn lọ lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán pátápátá. Ohun kan ṣoṣo ló lè jí i: kí ẹ̀dá alààyè gbé orí lé e létí, kó gbọ́ èémí rẹ̀. Àwa iwin kì í sì í mí. A mọ irin rọ, a mọ awọ rán, èémí ni kò sí nínú wa.’

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó fi ohun tí wọ́n ṣe hàn wá. Ilé kan ni, idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, ó rí roboto bí ìkòkò, kò ní fèrèsé. Èyí ni yóò gbé ènìyàn lọ sókè. Àpò afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀, tó ń tú jáde díẹ̀díẹ̀. Àwo ẹfun funfun kan wà níbẹ̀ tó ń gbé èémí tí ènìyàn bá ti lò mì, kó má baà padà wá pa á. Ìkòkò kan wà tó ń gba òógùn àti ìtọ̀ ẹni, tó sì ń sọ wọ́n di omi mímu. Ẹ má fojú yẹn wò mí. Mo mu ún, ó sì mọ́ ju omi kànga yín lọ. Ẹ̀wù wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ènìyàn yóò wọ̀ bọ́ sóde bó bá dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀kùn, awọ ni, ó ní fìlà tó bo gbogbo orí.

Tíṣà ní kí n dúró. Kí lo fẹ́ bi mí?

‘Baba, bí wọn kì í bá mí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ náà dára?’

Ìyẹn gan-an ni! Ọmọ yìí gbọ́n, ìwé ò bà á jẹ́ tán. Wọn ò mọ̀. Bí iwin bá wọ inú ilé náà fún ọdún mẹ́wàá, bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde. Ẹni tó ń mí nìkan ló lè sọ fún wọn. Yèyé Adánwò ní àwọn nílò ènìyàn méjì: ẹni kan tí yóò dán an wò, àti ẹni kan tí yóò lọ. Ó wọn èmi, ó wọn Ṣówándé. Ó ní Ṣówándé ni yóò lọ, nítorí pé ó kéré, èémí rẹ̀ ò pọ̀, ilé náà á gbà á. Èmi ni kí n dán an wò. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá tó èmi àgbà-ńlá yìí fún ọjọ́ méje, yóò tó Ṣówándé fún ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀.

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi tí ẹkùn ń yà fún, tí èmi yóò jókòó sílẹ̀, tí Ṣówándé tó ń wọ agbádá mi yóò lọ rí ojú ọ̀run! Mo pinnu nínú mi pé wọn yóò rí i pé èmi ni wọn ì bá mú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù. Wọ́n rán èyí tó gbà mí, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó wú, apá mi méjèèjì nà gbọnrangandan, mi ò lè ká ìka kan. Wọ́n fi ọṣẹ pa gbogbo ojú rírán rẹ̀. Níbi tí ọṣẹ bá ti ru, wọ́n á mọ̀ pé èémí ń jò níbẹ̀, wọ́n á tún un rán. Wọ́n gbé mi sínú kòtò yìnyín, wọ́n gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná alágbẹ̀dẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fara dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sí ilé idẹ náà.

Yèyé Adánwò fi okùn kan lé mi lọ́wọ́, orí rẹ̀ kejì so mọ́ agogo lóde. Ó ní, ‘Bí ohunkóhun bá ṣe ọ́, bó ti wù kó kéré tó, fa okùn yìí.’ Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n tìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní dára. Ọjọ́ kejì dára, mo ń kọrin. Lọ́jọ́ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rọra, ó wá ń lù mí ní ẹ̀bátí bí ẹni ń gún èlùbọ́. Mo wo okùn, mo gbójú kúrò. Inú igbó ni mo ṣì wà, àbí? Lọ́jọ́ karùn-ún, mo jókòó lásán, mo ń mí bí ajá tó sáré dé. Mo wá rí ìyá mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kú, ó sì jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé kékeré náà, ó ń ṣa ewébẹ̀ sínú igbá rẹ̀ tó ti fọ́ létí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kú síbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, ‘Ọmọ mi, ara ńkọ́?’ Ẹ̀yin ènìyàn, ìyá mi ni o! Mo ní, ‘Ara le bí òkúta, Ìyá.’

Mi ò fa okùn. Ọjọ́ méje pé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, mo na àyà. Yèyé Adánwò ní, ‘Kí ló ṣe ọ́?’ Mo ní, ‘Kí ni yóò ṣe mí? Ẹ lè tì mí mọ́bẹ̀ fún oṣù kan.’ Wọ́n wo inú ilé, wọ́n wo ẹfun, ó funfun, ó gbẹ. Yèyé ta kókó sí okùn ọrùn rẹ̀. Ṣówándé sáré wá, ó gbá mi mọ́ra níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ó ní, ‘Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn pé bí o bá jáde, kò ní sí nǹkan.’

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án palẹ̀ ìrìn-àjò náà mọ́. Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, bí a bá jókòó ti àwo, òkèlè kan ni màá bù, màá fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Mo ń sọ fún ara mi pé Ṣówándé kéré, kò ní mí tó mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ pé èmi ni mo jẹ nǹkan tí kò bá mi lára mu. Mo sì ń wo ọrùn rẹ̀ tó tín-ín-rín bó ṣe ń gbé òkèlè mì. Ó ń sọ fún mi bí a ó ṣe wẹ̀ nínú Odò Àwẹ́lé bó bá tún kún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan yẹn lè jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ pé. Gbogbo ìlú jáde. Ṣówándé ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, fìlà nìkan ló kù. Yèyé Adánwò ní kí àwọn tún yẹ ilé náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí àṣà wọn.

‘Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu,’ Ṣówándé wí. ‘Ọdẹ́rìndé ló sùn sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bó bá ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Ẹ dé e fún mi.’ Ó wá yíjú sí mi. ‘Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, sọ fún Àwẹ̀ró kó má jẹ́ kí wọ́n pa ewúrẹ́ dúdú yẹn. Ó lóyún.’

Wọ́n gbé fìlà náà sókè. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n tí ìbọn kọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì ké. Mo ké lọ́jọ́ náà.

‘Ẹ má dé e!’ mo kígbe. ‘Irọ́ ni mo pa!’

Yèyé Adánwò ní, ‘Irọ́ wo?’

‘Orí fọ́ mi. Láti ọjọ́ kẹta ló ti ń fọ́ mi. Lọ́jọ́ karùn-ún mi ò lè mí kanlẹ̀ mọ́. Mo rí ìyá mi tó ti kú, a jọ sọ̀rọ̀. Mi ò fa okùn.’

Mo ti sọ ìrora mi nínú igbó. Mo dúró kí ohun tó wà nínú igbó wá bù mí jẹ, kò sí ohun tó jáde wá. Ìtìjú nìkan ló wà níbẹ̀, òun ló sì jẹ mí. Yèyé Adánwò bi mí ní gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, apá ibi tó ti ń dùn mí, bí mo ṣe ń mí. Nígbà tó bi mí tán ló tó bínú.

‘Ta ló sọ fún ọ pé agbára rẹ la fẹ́?’ ó wí. ‘Bó bá jẹ́ ohun tó le là ń wá, òkúta pọ̀ lẹ́yìn ilé wa. À bá ti ọ̀kan mọ́bẹ̀, kò ní jẹ oúnjẹ wa. Ara tó ń dùn, tó sì ń sọ̀rọ̀, òun la wá ọ fún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ, ti ọ̀rẹ́ rẹ lo fẹ́ bá dákẹ́.’ Ó tú kókó tó ta sí okùn rẹ̀.

Ṣówándé ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, ‘Ọjọ́ mélòó ni?’

Mo ní, ‘Ọjọ́ wo?’

‘Ọjọ́ mélòó la ti jọ fọwọ́ kan àwo kan láti ìgbà tó o ti jáde?’

‘Mẹ́sàn-án.’

‘Mẹ́sàn-án,’ ó wí. Ó yíjú, ó lọ. Lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló dá jẹun, èmi náà dá jẹ tèmi. Láti ìgbà tí a ti dáyé, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyá Dékúnbi, ìwọ náà mọ bó ṣe ń dùn kí ẹni tí ẹ jọ ń jẹun gbé àwo rẹ̀ lọ.

Mo bẹ Yèyé Adánwò pé kó tì mí mọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fa okùn náà títí apá fi ń ro ẹni tó ń ṣọ́ agogo. Ó ń gbẹnu sí ihò kan lára ilé náà tí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́ dí pa, ó ń pariwo pé, ‘Kí ló tún dé?’ Mo ní imú ń yún mi. ‘Kí ló tún dé?’ Mo ní ìdí mi ti kú. Ó ní ìyà wo lòun jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí orí mi gbọ́ ‘kì’ báyìí, mo fa okùn, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n rí i. Òógùn ara mi ti mú ẹfun náà rin, ó ti dì gbagidi, kò lè gbé èémí mì mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, atẹ́gùn òde ti gbẹ ẹ́. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Àwọn iwin tó mọ̀ ọ́n ṣe tó yẹn, ìlàágùn ọmọ ènìyàn ni wọn ò rántí. Wọ́n wá tẹ́ ẹfun náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní, wọ́n so ó rọ̀, wọ́n fi èédú sáàárín rẹ̀ láti fa omi.

Mo wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n tìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ohùn nínú ihò náà: ‘Ara ńkọ́?’ Kì í ṣe ohùn iwin. Ṣówándé ni. Òun ló ti gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo ní, ‘Ẹsẹ̀ òsì mi ti kú tipiri díẹ̀. Ìyókù dára.’

Ó ní, ‘Mo gbọ́.’

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn ilé náà, mo sunkún bí ọmọdé. Ìkòkò inú ilé náà gba omi ojú náà, ó sọ ọ́ di mímu, lọ́jọ́ kejì mo sì mu ún. Ọjọ́ méje ni Ṣówándé fi jókòó sí ẹnu ihò yẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Orí ò fọ́ mi. Ìyá mi ò wá mọ́. Mo wò ó títí ní kọ̀rọ̀ yẹn, ká má parọ́, ó dùn mí pé kò wá.

Nígbà tí mo jáde, a jọ jẹun nínú àwo kan. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ.

Mi ò ní lè sọ bí ilé idẹ náà ṣe gbéra, nítorí mo di ojú. Okùn aláǹtakùn kan ló so mọ́ ọn, òun ni ohùn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ní gbogbo àárọ̀, mo ń bi í, ó ń dá mi lóhùn: ojú rẹ̀ wú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ń rí ayé wa nísàlẹ̀, ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti aró. Lọ́jọ́ karùn-ún, okùn náà já. Mo pe, mo pe. Mi ò jẹ, mi ò mu. Mo ń ka ẹfun inú ilé náà nínú orí mi, ẹní kan lẹ́yìn èkejì, mo ń bi ara mi bóyá ohun kan tún wà tí mo yẹ kí n sọ tí mi ò sọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn iwin ń jó nínú rẹ̀. Èmi dúró sínú òjò náà, mi ò bìkítà fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá ló dé. Wọ́n ṣí i. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ó ń rùn bí òbúkọ. Òun ló wò mí, ó ní, ‘Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹ̀wù yìí sì ti bó mi ní abíyá. Ṣùgbọ́n mo mí dáadáa, Ọdẹ́rìndé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo mí dáadáa.’

A padà sílé, a wẹ̀ nínú Odò Àwẹ́lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún lo ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta láyé. Ó bí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, ó bá mi jà nítorí ewúrẹ́, ó bá mi jà nítorí ààlà oko. Kò fìgbà kan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọdún mẹ́rin rèé tó sùn tí kò jí, lórí ẹní rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró.

Ẹ̀yin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú ibojì. Ẹ rí bí mo ṣe sunkún. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kí Baba ọdẹ ṣe ọkàn gírí, pé kò yẹ àgbà. Wọn ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá ti dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ẹkún apànìyàn ni ǹ bá ti máa sun láti gbogbo ọdún yìí wá, ní ìkọ̀kọ̀, mi ò sì ní lè sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ẹkún tí mo sun fún Ṣówándé, lójú gbogbo ayé ni. Ẹkún ọ̀rẹ́ ni.